Bí Ẹ́ńjìnnì Dísù Ṣe Ń Pinnu Jíà Ọkọ̀, àti Bí A Ṣe Lè Mú Méjèèjì Bára Mu

Kí iná mànàmáná tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ́ńjìnnì Lister ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ èlùbọ́ fún ará ọjà ń lò. Ẹ́ńjìnnì dísù ni, kì í sáré. Èyí tó gbajúmọ̀ nínú wọn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì páwà 6, kì í yí ju ìgbà 650 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n àgbá irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó kọsẹ̀ bí wọ́n bá da gbẹrẹfu kún ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn kan wá fi mótò oníná rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń yí tó ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan náà, púlì ni wọ́n kọ́kọ́ ní láti pààrọ̀. Bí púlì ẹnu Lister bá jẹ́ íǹṣì 9, ti mótò oníná kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ yóò sáré ju bó ṣe yẹ lọ, yóò gbóná, èlùbọ́ yóò sì máa rùn bí ohun tó ta sínú iná. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá yí padà, púlì náà gbọ́dọ̀ yí padà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Jíà àti dífúrẹ́ńṣà (irin eléyín tó wà láàárín táyà méjèèjì, tó ń gba agbára lára ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀ fún wọn) ni púlì ọkọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé inú igbá irin ni wọ́n wà, tí ojú wa kì í tó wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì láì ronú kàn wọ́n rárá. Iye ìgbà tí wọ́n ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin kì í ṣe kékeré: ọkọ̀ tó ń jẹ bẹntiróòlù tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì dísù tòkunbọ̀ sí, tí ẹni tó ni ín sì ń ṣàròyé pé ariwo rẹ̀ pọ̀, pé kò sáré, pé owó epo tí òun rò pé yóò dín kò dín. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Jíà tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn ni wọ́n fún un. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí n sì fi hàn yín bí ẹ ṣe lè wọn jíà ọkọ̀ yín fúnra yín pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, téèpù ìwọnlẹ̀ àti fóònù ọwọ́ yín kí ẹ tó náwó.

Ìwà tí wọ́n dá mọ́ dísù

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì yìí, gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1893, ó sì di ọdún 1897 kí èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa tó jáde ní ìlú Augsburg. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń fún pọ̀, yóò sì fún un títí tí yóò fi di ìdá kan nínú 14 sí ìdá kan nínú 22 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ti bẹntiróòlù kì í sábà kọjá ìdá kan nínú 8 sí ìdá kan nínú 12. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Nínú dísù, ooru náà pọ̀ débi pé bí nọ́sù bá ti fọ́n epo sínú rẹ̀ báyìí, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀.

Láti inú ìfúnpọ̀ yìí ni gbogbo ìwà tó kù ti ń wá. Písítìnì, apá irin tó so ó mọ́ kíráǹkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí), àti kíráǹkì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn kí wọ́n má bàa ṣẹ́, ohun tó bá sì wúwo kò ṣeé jù sókè jù sísàlẹ̀ kíákíá. Epo tí nọ́sù fọ́n tún ń fẹ́ àsìkò díẹ̀ kó tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó sì jóná tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù, àsìkò yẹn kò ní tó mọ́, epo yóò ṣì máa jó nígbà tí písítìnì ti sọ̀ kalẹ̀ jìnnà, agbára yóò lọ sílẹ̀, èéfín dúdú yóò sì gba ojú ọ̀run. Ìdí nìyí tí bẹntiróòlù ọkọ̀ kékeré fi lè dé ìyípo 6,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí dísù ọkọ̀ kékeré máa ń sé ní nǹkan bí 4,500, tí ti tírélà kì í sì í fẹ́ kọjá 2,100 sí 2,500. Níbikíbi tí mo bá ti pe ìyípo, iye ìgbà tí kíráǹkì yí láàárín ìṣẹ́jú kan ni mo ń sọ, ìyẹn ohun tí aago RPM ń kà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ohun tí dísù pàdánù nínú eré, ó rí i gbà nínú okun tó fi ń lọ́ ọ̀pá rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní tọ́ọ̀kì. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní họ́ọ̀sì páwà 130. Ká ní ti bẹntiróòlù ń mú un wá ní ìyípo 5,500, tí ti dísù sì ń mú un wá ní 2,800. Ní ojú ìyípo wọ̀nyí, tọ́ọ̀kì bẹntiróòlù yóò jẹ́ nǹkan bí Nm 168 (Nm ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tọ́ọ̀kì), ti dísù yóò sì jẹ́ nǹkan bí 331. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ọ̀kan dà bí ọmọdé tó ń fi agolo pọnmi, tó ń sáré lọ tó ń sáré bọ̀, èkejì dà bí àgbà tó ru garawa kan tó sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bọ̀ wálé. Bí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì, bá wà lórí dísù, tọ́ọ̀kì tún máa ń tètè dé sí i. Nínú ẹ́ńjìnnì tírélà òde òní, ó máa ń dé ṣóńṣó láàárín ìyípo 1,000 sí 1,500, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń fi àwọ̀ ewé kùn lójú aago.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo èyí ni bí pápá tí dísù ti ń ṣeré ṣe há tó. Bẹntiróòlù lè ṣiṣẹ́ gidi láti ìyípo 1,500 dé 6,000, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Dísù tírélà kò ní ju 1,000 sí 2,000 lọ, ìyẹn ìlọ́po méjì péré. Ó lágbára nínú pápá kékeré yẹn, ṣùgbọ́n bó bá ti jáde kúrò níbẹ̀ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, agbára ti fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ jíà ni láti má ṣe jẹ́ kó jáde.

Ohun tí ìwà yìí ń béèrè lọ́wọ́ jíà

Nọ́ńbà jíà ni iye ìgbà tí ohun tó wà níwájú gbọ́dọ̀ yí kí ohun tó ń tẹ̀ lé e tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí dífúrẹ́ńṣà bá jẹ́ 4.0, ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀ yóò yí lẹ́ẹ̀mẹrin kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà ńlá ń sọ eré di okun, nọ́ńbà kékeré ń sọ okun di eré. Níwọ̀n bí dísù ti ní okun lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tí kò sì lè sáré, nọ́ńbà kékeré ló bá a mu nínú jíà tó kẹ́yìn àti nínú dífúrẹ́ńṣà, kí táyà lè máa yí dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣe ọkọ̀ kan náà ní ti bẹntiróòlù àti ti dísù, ẹ sábà máa rí ìyàtọ̀ yìí nínú ìwé méjèèjì. Ẹ wo àpẹẹrẹ ọkọ̀ kékeré tí táyà rẹ̀ jẹ́ mítà 1.99 yí ká. Bí jíà tó kẹ́yìn àti dífúrẹ́ńṣà ti bẹntiróòlù bá di 3.28 lápapọ̀ (ìyẹn nígbà tí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀), ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò máa yí nǹkan bí 2,750 ní kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan. Bí ti dísù bá di 2.38, yóò máa yí nǹkan bí 2,000 péré ní eré kan náà.

Èkejì ni pé jíà dísù gbọ́dọ̀ pọ̀, kí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn. Ìṣirò ló ń fi ìdí èyí hàn. Ká ní tírélà kan ń fẹ́ jíà àkọ́kọ́ tó jẹ́ 14 kó tó lè gbéra pẹ̀lú ẹrù lórí òkè, tí jíà tó kẹ́yìn sì jẹ́ 1. Bí a bá fi jíà márùn-ún péré kún àlàfo yẹn, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.93. Awakọ̀ tó bá yí jíà ní ìyípo 1,800 yóò bá ara rẹ̀ ní nǹkan bí 930, ibi tí tọ́bò kò tíì jí, tí ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, tí gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì máa fun hóònù. Bí a bá fi jíà mẹ́wàá kún àlàfo kan náà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan di nǹkan bí 1.34, ìyípo 1,800 yóò já sí 1,340, ojú àwọ̀ ewé gan-an ni. Ìdí tí tírélà fi ń ní jíà 10, 12, 16 tàbí 18 nìyẹn. Àwọn kan máa ń rò pé torí kó lè sáré ni. Torí kí ẹ́ńjìnnì lè dúró lójú kan ni.

Irin jíà 18 tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò sí nínú igbá jíà kankan o. Bọ́tìnnì kékeré tó wà lára ọ̀pá jíà ló ń sọ jíà díẹ̀ di púpọ̀: ọ̀kan ń pín jíà kọ̀ọ̀kan sí méjì, èkejì ń gbé gbogbo wọn láti ìpele ìsàlẹ̀ bọ́ sí ti òkè.

Bí ẹ ṣe lè wọn ti ọkọ̀ yín

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ fẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tó yẹ, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tó máa ń gbé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí ibi tí táyà ẹ̀yìn ti kan ilẹ̀ àti sórí ilẹ̀ náà. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú títí ìlà ara táyà yóò fi padà kan ilẹ̀, ẹ sàmì sí ibẹ̀, ẹ wá wọn àlàfo àmì méjèèjì. Èyí sàn ju kí ẹ ṣírò láti inú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà, nítorí táyà tó ti jẹ, tó sì wà lábẹ́ ẹrù, máa ń kúrú ju ti inú ìwé lọ.

Lẹ́yìn náà, dífúrẹ́ńṣà. Bí ẹnì kan bá ti tú u sílẹ̀, ẹ ka eyín irin ńlá, ẹ ka eyín irin kékeré tó ń yí i, kí ẹ sì fi ti kékeré pín ti ńlá: eyín 39 pẹ̀lú eyín 8 jẹ́ 4.875. Bí wọn kò bá tú u, ẹ kò ní láti tú u nítorí ìwọ̀n nìkan. Ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lé orí àga irin tó dúró ṣinṣin, kí ẹ tó tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi jíà sí òfo. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Ẹni tó bá ti rí i tí jáàkì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún kìlọ̀ fún un. Ẹ sàmì sí táyà méjèèjì, ẹ sàmì sí ọ̀pá gígùn, kí ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa yí táyà tirẹ̀ papọ̀ ní ìgbà 10, kí ẹnì kẹta sì máa ka iye ìgbà tí ọ̀pá yí. Bó bá yí ní ìgbà 43, dífúrẹ́ńṣà jẹ́ 4.3. Bó bá jẹ́ pé táyà kan ṣoṣo lẹ lè gbé sókè, ìgbà 20 ni kí ẹ yí i, nítorí nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ bá dúró sílẹ̀, ìdajì péré ni irin ńlá inú dífúrẹ́ńṣà ń gbà nínú ìyípo rẹ̀. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣì í: wọ́n á yí táyà kan ní ìgbà 10, wọ́n á ní 2.15 ni àwọn rí, ọ̀gá wọn á sì lọ ra ohun tí kò yẹ.

Ní ti jíà fúnra rẹ̀, àwo kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara igbá jíà sábà máa ń gbé nọ́ńbà irú jíà náà, ẹ sì lè fi nọ́ńbà yẹn wá ìyókù rẹ̀. Bí àwo náà bá ti jábọ́, tí ọkọ̀ sì ní aago ìyípo tó ń ṣiṣẹ́, ẹ wà á ní eré kan náà lórí títì tó tẹ́jú, kí ẹni tó jókòó tì yín máa ka eré gidi láti inú GPS fóònù. Ẹ mú ìyípo, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n táyà ní mítà, ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.06, ẹ wá fi eré kìlómítà pín in. Ohun tí ẹ rí ni jíà àti dífúrẹ́ńṣà lápapọ̀. Bí ẹ bá mọ ti dífúrẹ́ńṣà tẹ́lẹ̀, ẹ fi pín in, ti jíà ló kù yẹn. Ìṣirò kan náà ni ẹ ó yí padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ìyípo tí eré kan yóò fà: eré, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àpapọ̀ jíà, ẹ pín in pẹ̀lú 0.06, ẹ tún pín in pẹ̀lú ìwọ̀n táyà.

Píkọ́ọ̀pù Bàbá oníkáṣú

Bàbá kan tó ń kó káṣú àti máńgòrò láti oko wọ ìlú gbé píkọ́ọ̀pù wọn wá bá mi. Bẹntiróòlù lítà 2.0 ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú jíà mẹ́rin tí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 1, dífúrẹ́ńṣà sì jẹ́ 4.875. Àwọn kan ti gbé dísù lítà 2.5 tó ní tọ́bò sí i. Bàbá ní, “Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ sọ fún mi pé dísù kì í jẹun púpọ̀. Èyí ń jẹun bí ẹni tí wọ́n gbà kúrò nínú ìyàn, ó tún ń pariwo lé mi lórí.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná.”

Táyà rẹ̀ jẹ́ mítà 2.1 yí ká. Ní eré kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan, ìṣirò fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń yí nǹkan bí 3,100. Ní eré 100, ó ń lọ sí 3,870. Bẹntiróòlù tó ń lọ dé 5,500 lè rí èyí bí eré àṣálẹ́, ṣùgbọ́n dísù yẹn, tí tọ́ọ̀kì rẹ̀ dé ṣóńṣó ní nǹkan bí 2,200, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin agbára rẹ̀. Ibi tí epo ń bá lọ nìyẹn. A wá dífúrẹ́ńṣà 3.9 tó bá igbá rẹ̀ mu, eyín 39 pẹ̀lú eyín 10. Ìyípo ní eré 80 lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 2,480, ti eré 100 sì di 3,100.

Bàbá bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ènìyàn bi mẹkáníìkì wọn: bí a bá dín nọ́ńbà náà kù, ṣé ọkọ̀ yóò ṣì lè gun òkè oko pẹ̀lú ẹrù? A tún ṣírò rẹ̀. Jíà àkọ́kọ́ jẹ́ 4.0. Bẹntiróòlù àtijọ́ ní tọ́ọ̀kì 150. Nígbà tí jíà àti dífúrẹ́ńṣà 4.875 bá ti sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó ń dé ìdí táyà jẹ́ Nm 2,925. Dísù ní 190. Pẹ̀lú dífúrẹ́ńṣà 3.9, ó di 2,964. Kò pàdánù nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé tọ́ọ̀kì dísù náà kò ju 160 lọ, bí ọ̀pọ̀ èyí tí kò ní tọ́bò ti máa ń rí, n kò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn 3.9 pẹ̀lú jíà mẹ́rin yẹn. Jíà márùn-ún tó ní àkọ́kọ́ tó jinlẹ̀ àti ìkẹyìn tó kéré ju 1 lọ ni mo máa ní kí wọ́n wá.

Ohun méjì kan tún wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ dífúrẹ́ńṣà. Ara jíà ni okùn aago eré ti ń jáde nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà aago píkọ́ọ̀pù Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pa irọ́: bí wọ́n bá wà ní eré 100 gidi, 80 ló ń kà. A ní láti pààrọ̀ eyín kékeré tó ń wa okùn náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ì bá jẹ̀bi lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó láì mọ̀. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ń fà, dífúrẹ́ńṣà méjèèjì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lórí títì líle ni irin kan yóò ṣẹ́.

Igbá jíà tó lè gba ìyà

Dísù kì í tì pẹ̀lú ọwọ́ rọ̀. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná nínú sílíńdà, ó ń gbá kíráǹkì bí ẹni tó fi òòlù gbá irin, ìgbóná ọwọ́ yẹn sì ń bá kílọ́ọ̀ṣì àti jíà. Fíláwíìlì, àgbá irin tó wúwo tó ń bá kíráǹkì yí, àti súpíríǹgì inú àwo kílọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ láti gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé dísù Nm 300 síwájú jíà tí wọ́n ṣe fún bẹntiróòlù Nm 170 lè lò ó fún oṣù díẹ̀ kí eyín jíà kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹ bá ẹ́ńjìnnì ra jíà tirẹ̀, fíláwíìlì tirẹ̀ àti kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́jà, kó jẹ́ pé inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti tú gbogbo wọn. Owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó kábàámọ̀ rẹ̀. Ní ti jíà ọtọmátíìkì, èyí tó ń yí fúnra rẹ̀, ẹni tó ń lo ti bẹntiróòlù fún dísù ń tan ara rẹ̀ ni, nítorí ìyípo tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ láti máa yí jíà ga ju ibi tí dísù lè dé lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù

Wọ́n máa ń kó orí tírélà wá láti Yúróòpù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ́ tónítóní. Àmọ́ ojú ọ̀nà gbọọrọ, títẹ́jú, ni wọ́n ṣe wọn fún, dífúrẹ́ńṣà wọn sì lè kéré tó 2.6 tàbí 2.8, kí ẹ́ńjìnnì lè máa sùn ní ìyípo 1,100 tàbí 1,200 bí ọkọ̀ ti ń lọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tó ń gbé ẹrù tí kò wúwo jù lọ sí Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe típà tí yóò máa gbé òkúta jáde láti inú ihò ìfọ́kùúta, kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó máa ra. Típà ń fẹ́ dífúrẹ́ńṣà nọ́ńbà ńlá, ó sì dára bí eyín jíà kékeré bá tún wà nínú họ́ọ̀bù táyà, nítorí ìyẹn ń pín ìnira náà sí ọ̀nà méjì kí ṣáàfù má bàa ṣẹ́.

Ẹ fi ìṣirò wa wo ọkọ̀ méjì tí táyà wọn jẹ́ mítà 3.4, tí jíà tó kẹ́yìn wọn sì jẹ́ 1. Èyí tí dífúrẹ́ńṣà rẹ̀ jẹ́ 4.8 yóò máa yí nǹkan bí 1,880 ní eré 80, èyí tó jẹ́ 3.7 yóò máa yí 1,450. Ti àkọ́kọ́ yóò máa jẹ epo láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, ti èkejì yóò máa wá jíà tó rẹlẹ̀ kiri nínú ẹrẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe kí ẹ tó wo ọ̀dà ara rẹ̀. Bí n bá ní láti yan ọ̀kan fún ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí yóò rí, 4.8 ni n ó mú, torí ọkọ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ sàn ju èyí tí kò lè gbéra lọ.

Lórí ìjókòó awakọ̀

Jíà tó tọ́ kò ní ṣe ohunkóhun fún awakọ̀ tó ń wa dísù bí ẹni ń wa bẹntiróòlù. Kò sí ìdí láti fà á dé òpin kí ẹ tó yí jíà. Bí ìyípo bá ti kọjá àwọ̀ ewé díẹ̀, ẹ yí i. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kó já sísàlẹ̀ àwọ̀ ewé nígbà tí ẹ tẹ tórótù mọ́lẹ̀ pátápátá, nítorí níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n, tí ọ́ìlì kì í sáré tó, tí bẹ́ríǹgì kíráǹkì sì ń jìyà láì sọ̀rọ̀.

Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti Jẹ́bà ti ń pàdé àwọn tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, ibi tí ilẹ̀ ti gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò Ọbà dára láti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ó ti wà nínú jíà tó rẹlẹ̀. Dísù kò ní ìdérí tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn bíi ti bẹntiróòlù, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀ mú bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tórótù. Nítorí àìlera yìí ni wọ́n fi ṣe búréèkì tó ń sé èéfín mọ́nú ẹ́ńjìnnì, àti èyí tí ilé iṣẹ́ Jacobs ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1961, tó ń sọ ẹ́ńjìnnì di pọ́ǹpù tó ń jẹ agbára. Méjèèjì ń fẹ́ ìyípo tó ga díẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, jíà tó rẹlẹ̀ ló sì ń fún wọn ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyípo kọjá àlà pupa nínú gẹ̀rẹ́: gọ́fánọ̀, ohun tó ń dín epo kù bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré jù, lè dá epo dúró, kò lè dá táyà dúró, táyà ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì lákòókò yẹn. Fáfù tó bá kan písítìnì ti di ọ̀rọ̀ owó ńlá.

Nígbà tí ẹ bá ti kọjá afárá tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ yí jíà sísàlẹ̀ nígbà tí ìyípo ṣì wà ní nǹkan bí 1,300, ẹ má dúró dìgbà tí yóò fi di 900, torí ní 900 ọkọ̀ yóò ti pàdánù eré tó bẹ́ẹ̀ tí jíà tó kàn lẹ́sẹẹsẹ kò ní tó mọ́, ẹ ó sì máa wá èyí tó tún rẹlẹ̀ jù ú lọ láàárín òkè. Ọkọ̀ tí ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀ lè fo jíà, láti ẹ̀kẹta bọ́ sí ẹ̀karùn-ún, láti ẹ̀karùn-ún sí èkeje, nítorí okun tó ṣẹ́kù pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá tún di ẹrù sí i, ẹ padà sí kíka jíà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.